Ọmọ ń ṣeré, òbí ń jà: Wàhálà tó wà létí pápá àwọn ọmọdé

Ọmọ ọdún 7 ni àwọn tó ń ṣeré lórí pápá lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 13 ni ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́ eré. Ṣùgbọ́n àwọn tó já wọ pápá, tí wọ́n ń kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń ti ara wọn ṣubú, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Òbí àwọn ọmọ náà àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 2019 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílùú Lakewood, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, làwọn ọmọ náà ń ṣe. Ìdájọ́ tí ọmọ ọdún 13 yẹn ṣe ni kò tẹ́ àwọn àgbà kan lọ́rùn. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ariwo ta, kí wọ́n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi. Ẹnì kan ya fídíò ìjà náà. Àwọn ọlọ́pàá ìlú ọ̀hún ló wá gbé fídíò yìí síta, nítorí pé wọ́n ń wá ẹnì kan nínú àwọn tó jà, gbogbo ayé sì rí i.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Lakewood, àwọn àgbà wà lọ́jà pitimu, àwọn gan-an ló sì mú kí orí ọmọ wọ́.

Àwọn tó ń fọkàn bá ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lọ lókè òkun mọ̀ pé ti Lakewood kọ́ ni àkọ́kọ́, òun kọ́ ló sì burú jù. Èyí tí wọ́n ṣì máa ń tọ́ka sí títí dòní ni ti ìlú Reading, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 2000. Họ́kì orí yìnyín làwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ìdíje o. Kò sí ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń dù, ìgbáradì lásán ni. Bàbá kan tó ń jẹ́ Michael Costin ló ń mójú tó àwọn ọmọ náà, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bàbá kejì, Thomas Junta, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ẹrù wíwà, dúró sétí pápá, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Lójú Junta, àwọn ọmọ náà ti ń kọlu ara wọn jù, ó sì ní kí Costin dá wọn lẹ́kun. Costin kò gbà fún un. Lójú tirẹ̀, bí họ́kì ṣe rí nìyẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ̀yá ìjà. Wọ́n là wọ́n, wọ́n sì ní kí Junta máa lọ síta. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún padà wọlé. Ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló mú ẹ̀mí lọ. Junta, tó ga tó sì tóbi ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ dáadáa, lu Costin mọ́lẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn wá síbẹ̀. Costin kò lajú mọ́ títí tó fi kú. Ẹni 40 ọdún ni.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, Junta ní òun kàn ń gbèjà ara òun ni, pé Costin ló kọ́kọ́ kọlu òun. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pète láti pànìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó jẹ̀bi pípa ènìyàn láìpète. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6 sí 10. Ohun tó jẹ́ kàyéfì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bàbá tó fapá jánú nítorí pé eré ọmọdé ti le jù, òun náà ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ pànìyàn létí pápá kan náà.

Ọdún 12 lẹ́yìn ti Reading ni ti ilẹ̀ Netherlands ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tiwọn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 2012, nílùú Almere, ọ̀gbẹ́ni Richard Nieuwenhuizen yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣe adájọ́ orí ìlà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Buitenboys, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí eré parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì, tó wá láti Amsterdam, yí i ká, wọ́n lù ú, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ gbá a. Ó dìde, ó rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nígbà tó yá ló ṣubú lulẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kú, lẹ́ni ọdún 41. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Netherlands fagi lé gbogbo eré àwọn tí kì í gbowó ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀dọ́langba tí kò tíì pé ọdún 18 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2013. Ọdún kan sí méjì ni wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ̀bi ikú náà sí àtìmọ́lé. Àgbàlagbà kan péré ló wà láàárín wọn, ẹni 50 ọdún, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 6 ni wọ́n jù ú sí. Kò sí ẹni tó yẹ kó dá àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ kọ́ nígbà tí wọ́n yí ènìyàn ká ju bàbá yìí lọ, àmọ́ ilé ẹjọ́ ní òun náà wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ gbá ẹni ẹlẹ́ni.

Kí ló wá ń mú kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kì í bá ará ilé jà, máa ṣe bíi wèrè ní kété tó bá dé etí pápá tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré? Àwọn kan á ní ìbínú ni, àwọn kan á ní ọtí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo bí nǹkan ṣe ń lọ lókè òkun á rí i pé owó àti ìrètí owó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

L'Amẹ́ríkà, eré ìdárayá jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí ọmọ fi lè rí sikọ́láṣíìpù lọ sí yunifásítì, owó yunifásítì ibẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Nítorí náà, àwọn òbí ń náwó sí eré ọmọ bí ẹni ń dókòwò. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ Aspen Institute ṣe fi hàn pé ní ọdún 2024, owó tí ìdílé kan ń ná lórí eré kan ṣoṣo tí ọmọ kan gbájú mọ́ lé ní 1,000 dọ́là lọ́dún, iye yìí sì fi nǹkan bíi ìdá 46 nínú 100 ju ti ọdún 2019 lọ. Àwọn tó ń kó ọmọ kiri láti ìlú kan sí òmíràn, tí wọ́n ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń sanwó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá àdáni, iye tiwọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá láwọn yunifásítì ibẹ̀, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú ọmọ 100 tó ń ṣeré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama, nǹkan bíi 2 péré ló ń rí sikọ́láṣíìpù eré gbà, kódà kì í ṣe gbogbo owó ilé ìwé ni sikọ́láṣíìpù ọ̀hún máa ń san.

Ẹni tó bá ti mọ ìṣirò yìí á mọ ohun tí bàbá tó dúró sétí pápá ń rí. Ọmọ ọdún 7 tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń wò. Owó ilé ìwé ọdún mẹ́wàá sí i ló ń wò. Bí adájọ́ eré bá wá ṣe ohun tó lòdì sí ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó jí i lówó ló rí lójú rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, bákan náà lọmọ ṣorí. Láti bí ọmọ bá ti ń lọ sí ọdún 9 làwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ti ń mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn, àwọn tó ń wá ọmọ kiri sì máa ń dúró sétí pápá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ wọ́n. Àwọn òbí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pọ̀ létí àwọn pápá wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì yani lẹ́nu. Lójú wọn báyìí ni Bukayo Saka, tí wọ́n bí sí Ealing, ṣe di ìlú mọ̀ọ́ká ní Arsenal. Lójú wọn náà ni Ademola Lookman, tó dàgbà ní Peckham, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú fún ẹgbẹ́ kékeré kan, ṣe gbá bọ́ọ̀lù 3 sáwọ̀n nínú àṣekágbá ìdíje Europa ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún náà. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí àwọn òbí kan kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé Saka kò fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Nígbà tó ṣe ìdánwò àṣejáde girama rẹ̀, A* 4 àti A 3 wà nínú ohun tó gbà.

Ẹni tó bá wà nílé níbí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí bàbá tó ń bá bàbá jà létí pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, yálà ní Maracana l'Ájegúnlẹ̀ tàbí ní Campos l'Ékòó. Ìdí rẹ̀ kò le. Àwọn bàbá kì í sí níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ọmọ ìsáǹsá ni ọ̀pọ̀ òbí ka bọ́ọ̀lù sí. Ọmọ á fi bàtà bọ́ọ̀lù pamọ́ sílé ọ̀rẹ́, bó bá sì padà délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹgba ni yóò fi jẹun alẹ́. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tàbí méjì ló ti sọ irú ìtàn yìí nípa ara wọn.

Ibi tí òbí àkókò yìí ti ń hùwà tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, kò sí ariwo níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ya fídíò. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni.

Lóòótọ́, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ọmọ kan tó ń jẹ́ Danny Almonte, tí wọ́n bí ní Dominican Republic, tó ń bá ẹgbẹ́ kan láti Bronx ní New York ṣeré, di ààyò gbogbo Amẹ́ríkà nínú ìdíje bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Little League World Series. Kò sí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù tó bá jù. Ọdún 12 ni wọ́n sọ pé ọmọ náà jẹ́, nítorí òun ni ọjọ́ orí tí ìdíje náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìgbà tí àwọn oníròyìn tú ìwé ìbí rẹ̀ wò ni wọ́n rí i pé ọdún 1987 ni wọ́n bí i, kì í ṣe 1989. Ọmọ ọdún 14 ni. Bàbá rẹ̀ ló ṣe ìwé ìbí ayédèrú. Wọ́n pa gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ nínú ìdíje ọ̀hún rẹ́, wọ́n sì fòfin de bàbá náà. Ọmọ yẹn kọ́ ló kọ ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Ní Nàìjíríà, ojú àánú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo irú nǹkan báyìí. Wọ́n ti fún un lórúkọ pàápàá, wọ́n ń pè é ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, bí ẹni pé ọjọ́ orí méjì ni Ọlọ́run ń fún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ìyà rẹ̀ ti jẹ orílẹ̀-èdè yìí sẹ́yìn. Ní ọdún 1989, àjọ FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 nínú ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan nínú ìwé ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 kò bá èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdíje ìṣáájú mu. Ọ̀rọ̀ náà ló gba àǹfààní ìdíje àgbáyé ti ọdún 1991, tí ì bá wáyé níbí, lọ́wọ́ wa.

Láti ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ, ni FIFA ti ń lo ẹ̀rọ MRI láti yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò. Bí egungun náà bá ti so pọ̀ tán, ó ṣòro púpọ̀ kí ọmọ náà tó jẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ ọdún 17. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí Golden Eaglets ń múra ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ 26 nínú nǹkan bíi 60 ni ẹ̀rọ náà lé padà sílé. Ní ìparí ọdún 2022, ọmọ 21 nínú 30 ni Kamẹrúùnù lé kúrò ní ibùdó tiwọn. Ẹ̀yin tó bá ń wo irú ìròyìn báyìí, ẹ kíyè sí i pé ọmọ ni wọ́n ń sọ pé ó purọ́, ọmọ ni wọ́n ń lé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọmọ ló lọ sí kóòtù láti lọ búra pé ọdún báyìí ni wọ́n bí òun. Bàbá ni, tàbí ìyá, tàbí àbúrò bàbá. Òfin Nàìjíríà ka ìbúra èké sí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹni tó búra kì í sí ní ibùdó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ọrùn ọwọ́ wò.

Bí àwọn òbí ṣe débẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Amẹ́ríkà. Ọdún 1993 ni Nwankwo Kanu wà lára àwọn tó gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní Japan, ọdún náà ni Ajax ti Amsterdam sì mú un lọ. Victor Osimhen, tó ń ta omi inú ọ̀rá lójú pópó ní agbègbè Olúsosùn l'Ékòó, gbá bọ́ọ̀lù 10 sáwọ̀n nínú ìdíje kan náà ní ọdún 2015, kó tó di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní Yúróòpù ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bàbá tó ti ń fi ẹgba lé ọmọ kúrò lórí pápá tẹ́lẹ̀ gbọ́ ìròyìn yìí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti pé 19, ó rí i pé ilẹ̀kùn ti fẹ́ẹ́ tì, ó sì wá ọ̀nà láti dá aago padà sẹ́yìn. Òṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára, tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ ni, tó wá fún àyẹ̀wò ẹni tí yóò wọ ẹgbẹ́, tó bá ẹni ogún ọdún pàdé lórí pápá, tí wọ́n sì ti í ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé kò lágbára tó. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa pè é padà.

Ọmọ tí wọ́n sì bá dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù náà kò bọ́. Ọjọ́ ìbí kan ló wà nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, òmíràn ló wà nínú ìwé ìrìnnà, ẹrù yẹn ni yóò sì máa gbé kiri títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Láwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, níbi tí òbí ti ń san owó gọbọi, ọ̀nà ti òyìnbó ni wọ́n ti ń gbà báyìí. Ẹni tó bá lọ síbi ìdíje eré ìdárayá ọdọọdún wọn á rí ìyá tó ń bá ọmọ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, á sì rí bàbá tó ń bá olùkọ́ fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó gba ipò kẹta, tó ń ní kí wọ́n wo fídíò òun. Ó máa ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ yẹn, ọwọ́ irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń pinnu ẹni tó ṣe ipò kẹta.

Àwọn tó sì ń ru ẹrù gbogbo ìwà yìí ni àwọn adájọ́ eré. L'Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá láwọn ilé ẹ̀kọ́ girama sọ pé nǹkan bíi 50,000 adájọ́ eré ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láàárín sáà 2018 sí ti 2021, òótọ́ sì ni pé àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà wà nínú ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n èébú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC bi rẹfirí 927 tó ń dájọ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún 2023, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì ní wọ́n ti fọwọ́ kan òun rí. Ẹ rántí pé lọ́hùn-ún, ọmọ ọdún 14 lè gba ìwé ẹ̀rí rẹfirí. Nítorí náà, ẹni tí bàbá yẹn ń pè ní ọ̀dọ̀yọ́ àti olè létí pápá lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ òun gan-an. Bí rẹfirí kò bá sì wá, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣeré.

Onírúurú ọgbọ́n ni wọ́n ti dá sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin kan ní àríwá Ohio ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ tí òbí kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ létí pápá. Àwọn òbí kan fi súìtì onígi sẹ́nu kí wọ́n má bàa ṣìṣe. Ó gbajúmọ̀ gan-an, àwọn líìgì mìíràn sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kì í pẹ́ẹ́ kọjá. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Respect ní ọdún 2008, wọ́n ń ta okùn sétí pápá kí òbí má bàa sún mọ́ ọmọ jù. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n ti ń so kámẹ́rà mọ́ àyà àwọn rẹfirí kan láti dán an wò. Ẹni tó bá fi èyí ro tọ̀ún á rí i pé láti orí ẹ̀bẹ̀ dé orí okùn, láti orí okùn dé orí kámẹ́rà, ìwà náà kò lọ.

Lára ohun tí wọ́n ti ṣe, èyí tó mọ́gbọ́n wá jù lọ wá láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Deptford, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ọdún 2023, àwọn adájọ́ eré méjì tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé níbẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èébú. Líìgì náà wá ṣe òfin tuntun: òbí tó bá bú adájọ́ eré kò ní wọlé mọ́, àfi bí òun náà bá kọ́kọ́ dájọ́ eré 3. Kí ó wá dúró sí àárín pápá, kí bọ́ọ̀lù máa fò lójú rẹ̀, kí àwọn òbí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pariwo lé e lórí. Ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí ni pé ọrùn òbí ni ìyà ti wá, kì í ṣe ọrùn ọmọ. Wọn kò lé ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ẹnu bàbá rẹ̀.

Ohun tí kò tíì sí nínú ti Nàìjíríà nìyẹn. MRI dára, kò ṣeé fi owó ẹ̀yìn tù lójú. Ṣùgbọ́n ìdíje ńlá nìkan ló ń dé, ó sì jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọdún 17 lọ. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, kò sì dé àwọn ìdíje àdúgbò níbi tí irọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbí tó ti ọwọ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn wá látọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni yóò dí àyè ìbúra yìí pa, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé ọmọ 57 péré nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ló ní àkọsílẹ̀ ìbí. Títí dìgbà tí iye yẹn yóò fi gòkè, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń ṣètò ìdíje lè ṣe lónìí ni kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó búra sínú ìwé, kí wọ́n sì pè é wá ṣàlàyé lọ́jọ́ tí ìbúra náà bá já sí èké.

Ó ku ẹnì kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ nínú gbogbo awuyewuye yìí, òun náà ni ọmọ tó ń ṣeré. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì l'Amẹ́ríkà, Bruce Brown àti Rob Miller, fi ọ̀pọ̀ ọdún bi àwọn eléré ìdárayá ní yunifásítì léèrè ohun tó burú jù lọ tí wọ́n rántí nípa ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé tí wọ́n ń ṣeré. Ìdáhùn tó ń wá jù kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fìdí rẹmi tàbí ọjọ́ tí wọ́n fara pa. Ìrìn àjò padà sílé ni, nínú mọ́tò, pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá tó ń tú gbogbo àṣìṣe wọn palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní àwọn fẹ́ràn kí ìyá àgbà àti bàbá àgbà wá wòran ju kí àwọn òbí àwọn wá lọ. Ìyá àgbà kì í béèrè ìdí tí ọmọ kò fi ta bọ́ọ̀lù sí ẹnì kejì, yóò kàn dì mọ́ ọn ni.